Ẹni Tí A Fi Orí Rẹ̀ Fọ́ Àgbọn: Ìfẹ̀hónúhàn Eléré Ìdárayá àti Òṣèlú nínú Ìdíje Àgbáyé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Kábà, ní ọ̀sẹ̀ eré ìdárayá àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama

Kábíyèsí, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Mọ́pà wá, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ tí eruku pápá ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín, mo kí yín ní kíkí ilé wa: Okun o. Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá àti ìwà ọmọlúàbí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà èwe mi. Ọ̀rọ̀ náà ni ìgbà tó tọ́ kí eléré ìdárayá dúró níwájú gbogbo ayé kí ó ní òun kò gbà, àti ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti bá a pinnu rẹ̀. Wọ́n gbà fún mi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá korò lẹ́nu yín, ẹ má bá wọn wí, èmi ni kí ẹ mú.

Ní oṣù Keje ọdún 1976, mo wà ní ìwé kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n kà wá mọ́ nígbà náà, ó ku ọdún 15 kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀. Bàbá mi ní rédíò kékeré kan nínú àpò awọ, bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, èmi ni mo sì ń sá a sórí páànù láràárọ̀ kí ó lè rí agbára sọ̀rọ̀ tó bá di alẹ́. Òlímpíkì tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Montreal, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ni gbogbo wa ń retí. Àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa wà lára àwọn tó pegedé láti kópa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ní Nàìjíríà ti yọwọ́, kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé. Mo rò pé bátìrì ló ń ṣèrànrán.

Ohun tó fà á rèé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún náà ni àwọn ọlọ́pàá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa yìnbọn lu àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Soweto, àwọn ọmọ tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn níwèé. Kí oṣù yẹn tó parí, ẹgbẹ́ rọ́gbì New Zealand, tí wọ́n ń pè ní All Blacks, ti wà ní South Africa, tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun ibẹ̀ ta kángbọ̀n bí ẹni pé òkú ọmọdé kò sùn nílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Gíga fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà tí Abraham Ordia ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ní kí Ìgbìmọ̀ Òlímpíkì Àgbáyé yọ New Zealand kúrò ní Montreal. Ìgbìmọ̀ náà dáhùn pé rọ́gbì kò sí lára eré Òlímpíkì, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Bí orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ṣe kẹ́rù wọn nìyẹn, Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Mo gbà títí di òní pé ohun tí Áfíríkà ṣe lọ́dún náà tọ́. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè Commonwealth fi fẹnu kò ní Gleneagles, ní Scotland, pé àwọn yóò dẹ́kun àjọṣe eré ìdárayá pẹ̀lú South Africa, ilẹ̀kùn Òlímpíkì tí wọ́n sì ti tì mọ́ South Africa lójú láti ọdún 1964 kò ṣí títí di 1992, nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń wó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Filbert Bayi, ọmọ Tanzania. Ní Christchurch, nínú New Zealand gan-an, ní ọdún 1974, ó sá eré 1500 mítà ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32.2, kò sí ẹ̀dá tó tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí, John Walker ọmọ New Zealand sì ń mí lé e lẹ́yìn títí dé òpin. Gbogbo ayé ló ń retí kí àwọn méjèèjì tún pàdé ní Montreal. Tanzania kò lọ. Walker gba góòlù, ní àkókò tó fi ìṣẹ́jú-àáyá bíi 7 lọ́ra ju ti Christchurch lọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Moscow, Bayi gba fàdákà nínú eré mìíràn, èyí tí wọ́n ń fò igi àti kòtò omi. Fàdákà kì í ṣe nǹkan kékeré, àmọ́ góòlù tí kò láǹfààní àtidu kò sí ẹni tó lè dá a padà fún un.

Kò sí ẹni tó bi àwọn eléré ìdárayá léèrè lọ́dún 1976. Bóyá bí wọ́n bá bi wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá ní àwọn ti múra tán láti padà sílé nítorí àwọn ọmọ Soweto. Èyí gan-an ló dùn mí, pé àwọn tó ń jà kí ènìyàn dúdú ní ẹnu ọ̀rọ̀ kò rántí fún àwọn ọmọ tiwọn ní ẹnu ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ogun kì í dúró gba ìbò. Òótọ́ ni. Bí a kò bá lè gba ìbò kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, a ṣáà lè wá ẹni tó fara gbọgbẹ́ rí nígbà tí ogun bá parí, kí a fún un ní nǹkan.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí kò ní ìdí tó dáa, kí ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 1996. Nàìjíríà ló gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunisia ní 1994, Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá ní Kwara, aládùúgbò wa, ló sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú ìdíje náà. South Africa ni ìdíje tó tẹ̀lé e yóò ti wáyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995 ni ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn Ògóní mẹ́jọ mìíràn. Ààrẹ Nelson Mandela bẹnu àtẹ́ lu ìwà náà gidigidi, ni Abacha bá ní Super Eagles kò ní lọ sí South Africa mọ́. Wọ́n pe Guinea kí ó wá rọ́pò wa, Guinea kò wá, ẹgbẹ́ 15 ló gbá ìdíje tó yẹ kí ẹgbẹ́ 16 gbá. Àjọ CAF, tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, tún fòfin de Nàìjíríà pé kò gbọdọ̀ kópa nínú ti 1998. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ wa gba góòlù bọ́ọ̀lù ní Òlímpíkì Atlanta, tí gbogbo wa sì jó káàkiri ìgboro. Ẹ ronú wò: ẹgbẹ́ tó lè na Brazil àti Argentina lọ́dún 1996 ni olórí kan há mọ́lé ní oṣù Kìíní ọdún kan náà nítorí pé wọ́n bá a wí. Yekini ti pé ọdún 32 nígbà yẹn, ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kì í sì í dúró de ìjọba.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ẹ má da òṣèlú pọ̀ mọ́ eré, mo máa ń bi í pé ta ló kọ́kọ́ dà á pọ̀. Lọ́jọ́ tí ìdíje bá ṣí, àsíá ló ń ṣáájú eléré ìdárayá wọ pápá. Bí ó bá borí, orin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n ń kọ, orin ìyá rẹ̀ kọ́. Ààrẹ àti ọba ló ń jókòó sí àga tó dára jù. Wọ́n ti fi òṣèlú wọ ọmọ náà láṣọ kí ó tó jáde nílé, ìgbà tí òun náà bá la ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n tó máa ń sọ pé ibi eré la wà.

Ní Òlímpíkì Berlin ọdún 1936, Jesse Owens gba góòlù mẹ́rin níṣojú Hitler, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Ìtàn ọjọ́ yẹn tí èmi fẹ́ràn jù ni ti Sohn Kee-chung. Ọmọ Kòríà ni, ṣùgbọ́n Japan ló ń ṣàkóso Kòríà nígbà náà, àsíá Japan ló wà láyà aṣọ rẹ̀, orúkọ tí àwọn ará Japan fún un ni wọ́n sì kọ sínú ìwé. Ó gba góòlù nínú eré ọlọ́nà jíjìn. Nígbà tí ó dúró lórí pèpéle tí orin Japan ń dún, ó sorí kọ́, ó sì gbé igi kékeré tí wọ́n fi dá a lọ́lá mọ́ àyà rẹ̀ kí ó bo àsíá náà. Nam Sung-yong, ọmọ Kòríà tó ṣe ipò kẹta, sọ lẹ́yìn náà pé góòlù Sohn kọ́ ni òun jowú, igi tó rí fi bo àyà rẹ̀ ni. Ìwé ìròyìn Dong-A Ilbo tẹ àwòrán náà jáde ní Kòríà lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àsíá náà rẹ́, ìjọba Japan sì kó àwọn akọ̀ròyìn, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa fún oṣù mélòó kan. Ní 1988, nígbà tí Òlímpíkì dé Seoul, Sohn tó ti lé ní 70 ọdún ló gbé iná Òlímpíkì wọ pápá, ó ń fò sókè bí ọmọdé. Ẹ fi ìtàn igi àti aṣọ yìí pamọ́ fún mi, mo máa padà sí i.

Èyí tí ayé mọ̀ jù ni ti Mexico City, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1968. Tommie Smith, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sá 200 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 19.83, ẹnikẹ́ni kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Peter Norman, aláwọ̀ funfun láti Australia, ṣe ipò kejì, John Carlos, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà bíi Smith, ṣe ìkẹta. Smith àti Carlos bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ dúdú nìkan ló kù lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ní nítorí òṣì tó ń ṣe àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ni. Carlos gbàgbé ìbọ̀wọ́ dúdú tirẹ̀ sílé, Norman ló sì dá a lábàá pé kí wọ́n pín ti Smith lò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n di ìkúùkù sókè lórí pèpéle bí orin Amẹ́ríkà ṣe ń dún, ọwọ́ ọ̀tún ni Smith nà, tí Carlos na ti òsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ ìwé lórí ìtumọ̀ ọ̀tún àti òsì yẹn. Ẹni tó gbàgbé ìbọ̀wọ́ sílé ló fà á. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ nítorí wọ́n máa ń rò pé ọkùnrin onígboyà ni ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan.

Norman kò na ọwọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní òun náà fẹ́ báàjì ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ àyà. Wọn kò ní òmíràn, ni ó bá gba ti ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi díje, Paul Hoffman. Wọ́n lé Smith àti Carlos kúrò nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kíákíá, lábẹ́ ìhalẹ̀ Avery Brundage, ààrẹ Ìgbìmọ̀ Òlímpíkì Àgbáyé. Brundage kan náà ló jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ Òlímpíkì Amẹ́ríkà ní 1936, nígbà tí àwọn eléré Jámánì ń na ọwọ́ sókè láti kí Hitler lórí pèpéle, kò sì bínú sí wọn. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìkíni orílẹ̀-èdè ni ìyẹn, òṣèlú ni ti Smith. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo bi yín léèrè ẹni tó kọ́kọ́ da òṣèlú pọ̀ mọ́ eré, àlàyé yẹn ni.

Norman kò lọ sí Òlímpíkì Munich ní 1972, bẹ́ẹ̀ ni àkókò 20.06 tí ó sá ní Mexico kò rí ẹni tó fọ́ ọ ní Australia fún ọdún 56, àfi ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gout Gout sá 20.04. Nígbà tí Norman kú ní 2006, Smith àti Carlos wá láti Amẹ́ríkà, àwọn ló gbé pósí rẹ̀ léjìká. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Australia tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2012 nítorí bí wọ́n ṣe ṣe sí i lẹ́yìn Mexico, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Ère kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga San Jose State, níbi tí Smith àti Carlos ti kàwé. Àwọn méjèèjì wà lórí pèpéle, ipò kejì ṣófo, nítorí Norman fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má gbẹ́ òun síbẹ̀, kí ẹni tó bá wá wò ó lè gun orí rẹ̀ dúró.

Lónìí, òfin tí wọ́n ń pè ní Òfin Ìkáàdọ́ta nínú ìwé òfin Òlímpíkì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀hónú hàn, tàbí polongo òṣèlú, ẹ̀sìn tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ní ibi ìdíje. Ní 2021, kí Òlímpíkì Tokyo tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀: eléré lè kúnlẹ̀ tàbí kí ó na ọwọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orí pèpéle ṣì jẹ́ èèwọ̀. Ojú mi kọ́kọ́ rí i bí ẹ̀tàn. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ní kí ọmọ òun máa sọ̀rọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n kí ó pa ẹnu dé nígbà tí àlejò bá dé. Orí pèpéle ni gbogbo ayé ti ń wo eléré. Níbòmíràn, ariwo ló ń pariwo mọ́ ariwo.

Ọ̀rọ̀ kan wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 tí kò jẹ́ kí n lè fi ọwọ́ sọ̀yà mọ́. Ní Doha, nínú ìdíje eré-ara tí wọ́n ń pè ní gymnastics, ọmọ Ukraine kan, Illia Kovtun, gba góòlù, ọmọ Russia kan, Ivan Kuliak, sì ṣe ìkẹta. Russia ti gbógun wọ Ukraine ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Kuliak lẹ lẹ́tà Z mọ́ àyà, àmì tó wà lára ọkọ̀ ogun Russia, ó sì gun pèpéle kan náà pẹ̀lú Kovtun. Wọ́n fòfin dè é fún ọdún kan. Mo bi ara mi pé, ìwọ tó ní kí wọ́n jẹ́ kí eléré sọ ti ọkàn rẹ̀ lórí pèpéle, kí lo rí sí èyí? Mo kọ́kọ́ fi ìdánwò kan tù ara mi nínú, pé kí a máa wo ẹni tí yóò san gbèsè ohun tí eléré ṣe. Smith ló san ti Smith. Ṣùgbọ́n Kuliak náà san tirẹ̀, ìdánwò mi kò sì gbà á. Ibi tí mo dúró sí báyìí ni pé ó yẹ kí a tún bèèrè ẹni tí ẹrù ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ lọ́rùn. Smith ń sọ̀rọ̀ sí alágbára. Kuliak gbé ìbọn alágbára lé ejìká, ó sì kọjú rẹ̀ sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti kọ ìyàtọ̀ yìí sínú ìwé òfin, pàápàá nígbà tí ìjọba aninilára lè fipá mú àwọn eléré rẹ̀ kí wọ́n máa polongo fún un. Àwọn tó ń gbèjà Òfin Ìkáàdọ́ta máa ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ka ọ̀rọ̀ wọn sí àwáwí mọ́.

Ẹlòmíràn tún wà tí kò rí òfin kankan tó lè dáàbò bò ó. Feyisa Lilesa, ọmọ Ethiopia, ń súnmọ́ òpin eré ọlọ́nà jíjìn ní Rio ní 2016, fàdákà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó bá gbé apá méjèèjì sókè ní àgbélébùú. Àmì àwọn Oromo ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ìjọba ń pa nígbà náà. Kò padà sílé. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ethiopia nígbà tí ó ṣe é. Ọdún 2018 ló tó padà, lẹ́yìn tí ìjọba ti yí ọwọ́. Ní Qatar ní 2022, àwọn agbábọ́ọ̀lù Iran pa ẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn ṣáájú eré wọn pẹ̀lú England, nítorí àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn fún ẹ̀tọ́ obìnrin tí ìjọba ń pa ní Iran. Nígbà tó di eré kejì, wọ́n kọ ọ́. Ẹ wo ètè wọn nínú fídíò ọjọ́ yẹn, ẹ óò rí i pé kì í ṣe ẹni tó ń kọrin. Ní ìdíje kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan tó ti ń fọ́nnu pé àwọn yóò so báńdì aláràbarà, tó lòdì sí kíkórìíra ẹnikẹ́ni nítorí irú ẹni tó jẹ́, mọ́ apá yọwọ́ nígbà tí FIFA ní àwọn yóò fún balógun wọn ní káàdì yẹ́lò. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo kàn fi káàdì yẹ́lò wé ilé tí Lilesa fi sílẹ̀ ni.

Ó yẹ kí a bọ́ sílé báyìí, nítorí ó rọrùn láti máa pàtẹ́wọ́ fún Mexico láti Kábà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fi ẹ̀hónú hàn ní ìdíje àgbáyé ní ìgbà tiwa kì í sábà bá Amẹ́ríkà tàbí South Africa jà. Àwọn tó kó wọn wá ni wọ́n ń bá jà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Super Falcons gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà àwọn obìnrin ní Cameroon, wọ́n dé Àbújá, owó àjẹmọ́nú wọn kò dé. Wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní ife náà kò ní kúrò lọ́wọ́ àwọn, wọ́n sì gbé páálí lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ìgbà yẹn ni owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rántí pé àwọn kan nínú ilé ọtí kan nílùú yìí ń sọ pé àwọn ọmọbìnrin náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, pé ìgbà wo ló gba owó oṣù gbẹ̀yìn. Ó gbé ife rẹ̀ kúrò níwájú mi.

Ní Tokyo ní 2021, wọ́n yọ eléré Nàìjíríà 10 kúrò nínú eré orí pápá nítorí pé iye àyẹ̀wò oògùn tó yẹ kí wọ́n ti ṣe fún wọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ kò pé. Kò sí ẹni tó ní àwọn ọmọ náà lo oògùn. Nàìjíríà wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin là á sílẹ̀ fún pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ eléré wọn wò láàárín oṣù mẹ́wàá, láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn tó yẹ kó ṣètò rẹ̀ kò sì ṣe é tó. Àwọn ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí, wọ́n sì rìn káàkiri ibùdó eléré ní Tokyo. Ọ̀kan nínú páálí náà ń bèèrè ìdí tí wọn yóò fi jìyà àìbìkítà ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ láti àárọ̀, kò sí èyí tó ká mi lára tó o, nítorí kò sí àsíá tí àwọn yẹn lè bò mọ́lẹ̀, àsíá tí wọ́n fẹ́ràn tí wọ́n sì ti Nàìjíríà gbé wá ni. Nígbà tó di 2024, tí wọ́n há Super Eagles mọ́ pápákọ̀ òfurufú ní Libya fún wákàtí tó lé ní 16, ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn, pẹ̀lú balógun wọn William Troost-Ekong, ló kọ́kọ́ sọ fún ayé pé àwọn kò ní gbá eré náà. Àjọ CAF fún Nàìjíríà ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti 1996: ẹni tó sùn sórí àga pápákọ̀ ló sọ̀rọ̀.

Mo ní kí ẹ fi ìtàn igi Sohn pamọ́ fún mi. Ní 1993, ọdún kejì tí a di ará Kogí, mo kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin láti agbègbè yìí lọ sí Lọ́kọ́ja fún eré ríléè, 100 mítà lọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù la jókòó sí, a gba Ọbájánà, eruku ọ̀nà náà sì ti pa wá láró kí a tó dé. Wọ́n ti ṣèlérí ibùsùn àti oúnjẹ fún wa. Kíláàsì kan tí kò ní fèrèsé ni wọ́n fi wá sí, owó oúnjẹ sì ti dé ọwọ́ ẹnìkan tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo ra gààrí àti ẹ̀pà fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ méjèèjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, mo rí i pé àwọn ọmọ náà ti wọ síńgílẹ́ẹ̀tì wọn sódì. Orúkọ agbègbè wa tó wà láyà ti wọ inú lọ, ojú rírán ló wà níta, òwú funfun ń fì létí rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Èyí tó kéré jù nínú wọn, òun ló ń sá ẹsẹ̀ ìkẹyìn, ní, "Sà, kò sí nǹkan kan. Aṣọ náà ló ń yún wa."

Wọ́n ṣe ipò kejì. Àga ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni wọ́n tò fún pèpéle. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú makirofóònù wo àyà wọn, kò rí orúkọ kà, ni ó bá bi wọ́n pé ẹgbẹ́ wo ni wọ́n. Ọmọ náà gba makirofóònù, ó ní, "Ẹgbẹ́ tí kò jẹun." Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòòji kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ méjì, mo sì ń retí ìgbéga. Mo dáhùn pé àwọn ọmọ náà ṣe é láìsí ìmọ̀ mi, ìyẹn jẹ́ òótọ́, mo sì fi kún un pé mo ti bá wọn wí gidigidi, ìyẹn kì í ṣe òótọ́ nígbà tí mo kọ ọ́, ni mo bá lọ bá wọn wí kí ó lè di òótọ́. Wọ́n tún ní kí n bá wọn kọ ìlà kan sínú fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ sí kí ó tó lè ṣojú agbègbè yìí, kí irú rẹ̀ má bàa wáyé mọ́. Ìlà náà kà báyìí: "Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe àròyé fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí olùkọ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ, àmì tàbí ìṣesí fi ẹ̀dùn ọkàn hàn lórí pápá." Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, ẹ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, nọ́ńbà 7 ni.

Mo ti fún alága ìgbìmọ̀ ní lẹ́tà láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀dà lẹ́tà náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ bá mi fọwọ́ sí i lè rí bírò níbẹ̀.